Ta Ni Yóò Ra Àlá Ọmọ Agége?

Ní Sátidé kan báyìí, ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní GRA Ìkẹjà, ní ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tó ya kúrò lára Isaac John. Ẹ mọ irú ilé bẹ́ẹ̀: ògiri gíga, igi ńlá tó ti wà níbẹ̀ láti ayé ìjọba òyìnbó, máígáàdì tó ń béèrè orúkọ yín lẹ́ẹ̀mejì, jẹnẹrétọ̀ tí kì í dákẹ́. Inú pálọ̀ ni mo ti rí àwòrán náà. Ó tóbi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó èmi fúnra mi. Obìnrin kan ló wà nínú rẹ̀, ó wọ ìró àti bùbá aláwọ̀ aró, labalábá bo gbogbo ojú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì ń yọ́ bí àbẹ́là.

Dádì (bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n nìyẹn) rí i pé mo ń wò ó. "Surrealism ni," wọ́n ní. "Ọmọ yẹn máa di ńlá. Mo ti ra mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ohun tí Dádì ò mọ̀ ni pé mo mọ ọmọ náà. Mo mọ yàrá tó ti ya àwòrán yẹn, lẹ́yìn ojú irin ní Agége, yàrá kan ṣoṣo nínú ilé face-me-I-face-you, níbi tí kánfáàsì ti ń bá bẹ́ẹ̀dì du àyè. Mo tún mọ nǹkan kan tí ẹnu mi ò lè sọ nínú pálọ̀ yẹn: ọmọ náà kò fẹ́ràn àwòrán labalábá yẹn rárá. Ó ní tí òun bá tún ya labalábá kan sí i, èébì á gbé òun.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Kì í ṣe pé Dádì ṣe ohun tí kò dáa. Wọ́n fi owó wọn ra iṣẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n gbé e kọ́ síbi tí àlejò ti lè rí i. Mélòó nínú àwa tó ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà lórí fóònù ló ti ra ẹyọ kan rí? Àmọ́ mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n rà gan-an, àti ohun tí rírà wọn ń ṣe sí ọwọ́ ẹni tó ń yà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ surrealism yìí, torí ẹnu gbogbo èèyàn ló wà báyìí. Ní 1924 ni André Breton, akéwì ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ìwé ìkéde rẹ̀ jáde ní Paris. Ohun tó ń wá ni pé kí èèyàn tú ọkàn sílẹ̀ lọ́wọ́ làákàyè, kí ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn, èyí tí à ń rí lójú àlá nìkan, lè jáde sórí pépà láìsí ẹni tí yóò bá a wí. Breton ti ṣiṣẹ́ láàrin àwọn sójà tí ọpọlọ wọn dàrú nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Tó bá jẹ́ làákàyè ló kó àwọn ọ̀dọ́ Yúróòpù lọ sínú kòtò ogun, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi làákàyè ṣe? Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ nìyẹn. Ìbínú ló bí i, kì í ṣe labalábá.

Nílé tiwa, tí ẹnì kan bá ti ya nǹkan àrà báyìí, kíá lẹ ó gbọ́: "Ṣebí a ti ní tiwa tipẹ́! Fágúnwà ńkọ́? Tutùọlá ńkọ́?" Òótọ́ ni, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, The Palm-Wine Drinkard sì jáde ní London ní 1952. Òótọ́ tún ni pé Twins Seven-Seven, tó jẹ́ oníjó kó tó dé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Ulli àti Georgina Beier ṣe ní Òṣogbo ní 1964, ya àwọn ẹ̀dá tí ojú kò rí rí. Àmọ́ mi ò gbà pé ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ya iwin nínú igbó kò ya ohun tó sá pamọ́ sínú ọkàn rẹ̀. Aládùúgbò ló yà. Fún Fágúnwà, igbó náà wà, ẹni tó bá láyà lè gbé ìbọn kọ́ èjìká kó wọ̀ ọ́ lọ. Fún Breton, inú agbárí èèyàn ni igbó wà. Tí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, ẹ ti fi ẹnu ba iṣẹ́ àwọn méjèèjì jẹ́.

Ìdí tí mo fi ń ta kú lórí ìyàtọ̀ yìí ni pé orí ààlà yẹn gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ tó dáa jù nínú àwọn ayàwòrán Èkó dúró sí báyìí. Wọn kò mọ̀ bóyá ìta ni igbó wà tàbí inú. Ìyá wọn gbàgbọ́ pé ìta ni, YouTube ní inú ni. Àwòrán tó bá jáde láti inú àìmọ̀ yẹn ni mo lè fi owó mi rà. Èyí tó bá ti mọ̀ ọ́n tán, tó kàn fi labalábá bo ojú, ìyẹn dà bí aṣọ àǹkárá tuntun: ó rẹwà, gbogbo èèyàn á sì wọ̀ ọ́ ní oṣù tó ń bọ̀.

Ẹni tó yẹ ká máa dárúkọ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, tí a kì í sì í dárúkọ tó, ni Abáyọ̀mí Barber. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1928. Ó lọ sí London, ó bá Oscar Nemon ṣiṣẹ́, agbẹ́gilére tó ṣe ère Churchill. Nígbà tó padà wálé, Yunifásítì Èkó ló fìdí kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ló sì ti kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní àwọn ọdún 1970, àwọn tí gbogbo ayé wá ń pè ní Barber School. Kì í ṣe ilé ìwé tó ń fún èèyàn ní sátífíkéètì. Bí ọmọṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ni: jókòó, wo ọwọ́ mi, ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Muri Adéjìmí àti Olú Spencer wà lára àwọn tó ti ibẹ̀ jáde. Barber kú ní oṣù Kejìlá 2021, lẹ́ni ọdún 93.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀nà wọn ni agídí. Lásìkò tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán Nàìjíríà ń fọ́ ara èèyàn sí wẹ́wẹ́ lórí kánfáàsì, tí wọ́n ń wá ọ̀nà láti fi ọnà àbáláyé kọ́ nǹkan tuntun, àwọn ọmọ Barber ń ya ewé kọ̀ọ̀kan. Èèpo igi, omi tó dúró, ìhunjọ ara àgbàlagbà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi sùúrù yà títí ojú yín á fi gbà pé òótọ́ ni. Ìgbà tí ojú yín bá ti gbà tán ni wọ́n tó wá dójú tì yín: gbòǹgbò igi yẹn, ṣé kì í ṣe ọwọ́ èèyàn? Àpáta yẹn, ṣé kì í ṣe pé ó ń wò yín? Irọ́ náà dúró lórí òótọ́, ìdí nìyẹn tó fi wúwo.

Ẹ wá padà sí pálọ̀ Dádì. Mo sún mọ́ àwòrán labalábá yẹn dáadáa nígbà tí wọ́n lọ gbé mínírà wá. Labalábá kan ṣoṣo ni. Mo ń sọ òótọ́ fún yín: ẹyọ kan ṣoṣo ló wò lórí fóònù, ó sì yà á ní ìgbà mẹ́rìnlélógún, ó kàn ń yí i síbí, ó ń yí i sọ́hùn-ún. Òjìji wọn kò bọ́ sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà. Ọrùn tó ń yọ́ náà, ọ̀dọ̀ Dalí ló ti yá a, ó sì gbàgbé láti dá a padà. Aṣọ nìkan ló wà láàyè. Aró yẹn, ibi tí ó ti ṣú àti ibi tí ó ti fẹ́lẹ́, ẹni tó ti rí aláró ló yà á. Mo wò ó, mo sọ nínú ara mi pé ọmọ yìí lè yàwòrán, àmọ́ kò sí níbẹ̀ nígbà tó ń ya èyí.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n ṣe bí ẹni pé GRA nìkan ni wọ́n ti ń kó àwòrán jọ ní Ìkẹjà. Ilé tí wọ́n bí mi sí ní àwòrán surrealism kan lára ògiri kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní gálárì. Àpò rẹ́kọ́ọ̀dù Fẹlá ni, Beasts of No Nation, ti 1989. Rẹ́kọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Bàbá mi wá fi ìṣó kan àpò náà mọ́ ògiri. Lemi Ghariokwu ló yà á, ẹni tó ya àpò rẹ́kọ́ọ̀dù 26 fún Fẹlá. Botha, Thatcher àti Reagan wà níbẹ̀, ìwo wà lórí wọn, eyín wọn gùn bí ti ẹranko. Mo máa ń bẹ̀rù láti dá nìkan wà pẹ̀lú wọn tí iná bá lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún bàbá mi pé ó ń kó iṣẹ́ ọnà jọ. Ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Lónìí, tí ẹ bá lọ sí Kalakuta Museum ní Gbémisọ́lá Street, lẹ́yìn Allen, ilé tí Fẹlá fúnra rẹ̀ gbé kó tó kú, àwọn àwòrán àpò rẹ́kọ́ọ̀dù wọ̀nyẹn ló máa kí yín. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkẹjà, Agége àti Mushin gbà ní àwòrán nìyẹn: wọ́n ra orin, àwòrán sì tẹ̀ lé e wọlé. Ẹ̀dà ni, òótọ́, àmọ́ mi ò tíì rí ọ̀pọ̀ ojúlówó tó dẹ́rù bà mí tó yẹn.

Tí a bá sì ń sọ̀rọ̀ àwọn tó ń kó ojúlówó jọ, a ò lè fo Ọmọọba Yẹmísí Shyllon dá. Ilé wọn ní Maryland kò jìnnà sí GRA. Tí gosíló bá gbà, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra iṣẹ́ ọnà. Ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ ro ìyẹn wò: akẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe ọ̀gá báńkì, kì í ṣe ẹni tó ti kọ́lé tán. Ní 2007 wọ́n dá àjọ OYASAF sílẹ̀, èyí tó ń gba àwọn olùwádìí láyè láti wá wo àwọn iṣẹ́ náà kí wọ́n sì kọ nípa wọn. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn lé ní 7,000. Wọ́n fún Pan-Atlantic University ní 1,000 nínú rẹ̀, mùsíọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ orúkọ wọn sì ṣí ní oṣù Kẹwàá 2019 ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí.

Ẹgbẹ̀rún méje ò ní kí gbogbo rẹ̀ dáa o. Ẹni tó bá ra nǹkan tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó dájú pé ó ra díẹ̀ tí kò yẹ kó rà. Síbẹ̀, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí Dádì kọ́ lára Shyllon, ìyẹn ni ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ tí wọ́n kó jọ tí wọ́n sì tì mọ́lé, tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan nípa rẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò jókòó síwájú rẹ̀ rí, bí ìgbà tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni. Fún ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, kí wọ́n rí iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe pàtàkì tó kí wọ́n sanwó rẹ̀. Mo sọ pé fẹ́rẹ̀ẹ́. Owó ilé kì í gbọ́ àwáwí.

Ọ̀rọ̀ owó yẹn ni mo bá lọ sí Agége.

Ọjọ́ Tuesday ni, oòrùn mú. Mo ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà lọ́wọ́, torí mo mọ̀ pé kò ní tíì jẹun. Ọ̀rẹ́ mi (ó ní kí n má dárúkọ òun, mo sì gbà) jókòó sílẹ̀, ó ń ya labalábá. Kánfáàsì mẹ́ta ló wà nílẹ̀, labalábá ni gbogbo wọn.

"Mo lọ sí GRA," mo ní. "Mo rí tìẹ níbẹ̀."

"Èwo níbẹ̀?"

"Èyí tó wọ aró."

Ó mi orí. "Aró yẹn dáa," ó ní. "Mo lo ọjọ́ mẹ́rin lórí aró yẹn. Labalábá, alẹ́ ọjọ́ kan ni." Ó wá sọ fún mi pé arákùnrin tó ń bá òun tà á ní àwọn ọ̀rẹ́ Dádì náà ń fẹ́ irú rẹ̀. Mẹ́wàá, kó tó di Kérésì. Ìró àti bùbá, labalábá lójú, àwọ̀ nìkan ni kó yàtọ̀, kó lè bá àga pálọ̀ kálukú mu.

Mo ní, "Àga pálọ̀?"

Ó ní, "Wọ́n fi fọ́tò àga ránṣẹ́."

A rẹ́rìn-ín títí ẹni tó wà ní yàrá kejì fi kan ògiri. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó yí kánfáàsì kékeré kan tó kọjú sí ògiri padà. Bí mo ṣe rí ohun tí mo wá rà nìyẹn, láìmọ̀ pé mo wá ra nǹkan.

Kànga ni. Kànga àgbàlá ilé wọn gan-an, mo mọ̀ ọ́n, mo ti fami níbẹ̀ rí. Òkè ni èèyàn ti ń wo ìsàlẹ̀. Ẹnu kànga náà ti ya díẹ̀ bó ṣe yà lóòótọ́, eléwé tútù ti hù lára sìmẹ́ńtì, okùn garawa ti bó. Gbogbo rẹ̀ pé, gbogbo rẹ̀ jọ. Àmọ́ àtẹ̀gùn wà nínú kànga náà. Àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì lásán, irú èyí tó máa ń wà ní ilé alájà méjì, ó ń yí lọ sísàlẹ̀. Lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, sálúbàtà ẹyọ kan wà, bí ẹni pé àwọn tó sọ̀kalẹ̀ ń bọ́ ọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan jẹ́ ti ọmọdé. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tó yẹ kí omi wà, fèrèsé kan ló wà níbẹ̀, iná sì tàn nínú rẹ̀.

Kò sí labalábá. Kò sí ohun tó ń yọ́. Tí ẹ bá fi ìka bo àtẹ̀gùn yẹn, àwòrán kànga lásán ló kù. Ohun tí Barber ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní Akọkà nìyẹn, ọmọ yìí kò sì pàdé Barber rí. Mo bi í pé ta ló ni àwọn bàtà náà. Ó ní àwọn tó ti gbé ilé náà rí ni, àwọn tó kó lọ àti àwọn tó kú. Ti ìyá òun wà lórí ìgbésẹ̀ kẹta. Ìyá rẹ̀ kò kú o. Òtà ni wọ́n ń gbé báyìí.

"Èló?" mo ní.

"Èwo? Èyí? Kò sẹ́ni tó fẹ́ èyí. Arákùnrin yẹn ní ó ń bani lẹ́rù, pé kò sí bó ṣe lè wà ní pálọ̀ ẹnikẹ́ni. Labalábá ló lówó. Kànga ò lówó."

Ẹ wò ó, mi ò ní bá àwọn aṣelámèyítọ́ tó máa ń pariwo pé ayàwòrán kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nítorí owó jókòó. Ọ̀pọ̀ wọn ti jẹun kí wọ́n tó kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní owó ilé láti san, ó ní àbúrò ní pólì, ọ̀dà àti kánfáàsì sì ti gbówó lórí torí pé òkè òkun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, dọ́là la fi ń rà á. Mo sọ fún un pé kó ya labalábá mẹ́wàá. Mo ní àmọ́ kó má fọwọ́ sí ìwé kankan tó sọ pé arákùnrin yẹn nìkan ló lè máa bá òun tà, kó sì kọ ọjọ́ àti ọdún sẹ́yìn gbogbo wọn, kó sì máa yí kànga kan sójú ògiri lóṣooṣù. Ó ní ìmọ̀ràn mi dà bíi ti alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ó dáa náà.

Àwọn olówó ni mo fẹ́ bá wí díẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n rí Tutù, àwòrán Ọmọọbabìnrin Ifẹ̀ tí Ben Enwonwu yà, nínú ilé kan ní London, tí Bonhams sì tà á ní 1.2 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ní oṣù Kejì 2018, etí gbogbo èèyàn ti là. Ṣáájú ìyẹn, láti 2008, ni Arthouse ti ń ṣe gbàǹjo iṣẹ́ ọnà ní Èkó. Ohun tó dáa ni. Àmọ́ Enwonwu ti kú láti 1994. Kò jẹ nínú owó yẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rí kọ́ nínú ìtàn Tutù ni pé kí wọ́n tètè rà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ ní owó pọ́ọ́kú kí wọ́n sì dúró. Tí wọ́n bá rí mẹ́rin tó jọra, ọkàn wọn balẹ̀: ó ti ní sítáìlì, ọjà á mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tó ń rà á ṣe ń bá ayàwòrán yan àwòrán tó kàn nìyẹn, láì di búrọ́ọ̀ṣì mú. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà wa, Copyright Act 2022, sọ pé ó yẹ kí ayàwòrán rí nínú owó tí wọ́n bá tún iṣẹ́ rẹ̀ tà. Ó dáa lórí pépà. Tí Dádì bá ta labalábá fún ọ̀rẹ́ wọn nínú pálọ̀, lẹ́yìn ọtí bíà méjì, ta ló máa lọ sọ ní Agége?

Kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ ojúlówó. Ẹ̀gbọ́n mi kan ra "oil painting" lọ́wọ́ ẹnì kan lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ó sì fi yangàn títí. Mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án láti ẹ̀gbẹ́: kò sí òkè, kò sí kòtò, gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí báńà ìpolongo. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ sórí kánfáàsì, wọ́n wá fi ọ̀dà tòótọ́ nu ibi mẹ́ta pere kó lè yọ sọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, bíi pé èmi ni mo tà á fún un. Tí ẹ bá fẹ́ ra, ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wo etí kánfáàsì níbi tí ọ̀dà ti ṣàn kọjá. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀dà olóròóró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lò máa ń rùn fún oṣù púpọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ lọ sí yàrá ibi tó ti ń yà á. Kí orúkọ ńlá má tàn yín o: Dalí fúnra rẹ̀, nígbà tó darúgbó, fọwọ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún pépà òfìfo kí wọ́n lè tẹ àwòrán sí i lẹ́yìn náà, títí di òní ni àwọn tó rà á ń sunkún.

Ó gba 150,000 náírà lọ́wọ́ mi fún kànga náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi san án. Owó labalábá kan ṣoṣo ní GRA á ra kànga mẹ́fà, ó sì tún mú ṣéńjì. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ ìwé fún mi: orúkọ àwòrán, bó ṣe gùn tó, irú ọ̀dà tó lò, ọjọ́, ìbuwọ́lùwé. Ó ní ṣé n kò fọkàn tán òun ni. Mo ní torí àwọn ọmọ mi tí wọn ò tíì bí ni.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo gbé e kọ́ sí, níbi tí oòrùn kò lè bá a, tó sì jìnnà sí ògiri tí òjò máa ń gbà wọlé. Mo fi kọ́ọ̀kì wẹ́wẹ́ sí ẹ̀yìn fírémù kí atẹ́gùn lè gbà níbẹ̀, torí èbù kì í mọ̀ pé surrealism ni. Ìyá mi wá kí mi, ó wò ó, ó ní, "Ta ló wà lábẹ́ ibẹ̀ tó tan iná?" Kò béèrè ohun tó túmọ̀ sí. Ó jókòó, ó tún wò ó, ó wá ní kí n má kọ ọ́ síbi tí òun á ti máa rí i lóru.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi wá sílé. Ó ti parí labalábá méje. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú kànga náà, búrẹ́dì lọ́wọ́, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní ìgbésẹ̀ kẹta kò tọ̀nà. Bàtà ìyá òun ti wà jìnnà sísàlẹ̀ jù. Òun fẹ́ gbé e lọ sí Agége kí òun tún un yà, ọjọ́ méjì péré.

Mo ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ó ní ṣebí òun lòun yà á.

Mo ní ṣebí èmi ni mo rà á, ìwé sì wà lọ́wọ́ mi.

Ó dìde, ó sún mọ́ àwòrán náà, ó fi èékánná kan ìgbésẹ̀ yẹn fẹ́ẹ́rẹ́. "Ìyá mi ò tíì sọ̀kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀," ó ní.

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ sí ìyẹn. Àwòrán náà ṣì wà lára ògiri. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé.